Ogún Ó Dín Mẹ́ta

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló gba oorun lójú wa ní Súù Róòdù, ní Kánò,
àtẹ̀gùn ilé Hájíyà Lárai tí wọ́n ń kọ́ sí Hòtórò.
Láti ilẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì
jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún mìlímítà ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni kí a pín in sí.

Iṣẹ́ kékeré. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lọ́fíìsì wa, ahọ́n mẹ́ta.
Wíńdóòsì ni tèmi, ó ti darúgbó,
eruku ọyẹ́ ti wọ abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń gbá ẹ́ńtà kó tó jẹ́ mi lóhùn.
Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ iye sínú àpótí ìwọ̀n,
tí mo tẹ igi tó tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí mo tún tẹ iye,
yóò pín in fún mi láìbéèrè ìdí.

Máàkì ni ti ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Ràbíù.
Òun náà mọ ìpín,
àmọ́ kò ní dá ọ lóhùn
àfi kí o kọ́kọ́ fi àmì ìdọ́gba síwájú,
bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá àgbà.

Láwálì ará Màràdí ló ni Línúùsì.
Iléèwé Faransé kọ́ ọ pé kọ́mà
ni í ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá.
Ó fẹ́ fa ògiri mítà kan àbọ̀:
ó tẹ oókan, ó tẹ kọ́mà, ó tẹ àrún.
Ẹ̀rọ ní, mo gbọ́:
kan sí ìlà-oòrùn, márùn-ún sí àríwá.
Ògiri ilé ìdáná bá gba àárín ibùsùn Hájíyà kọjá,
ó lọ dúró sójú títì.
A rẹ́rìn-ín títí jẹnẹrétọ̀ fi kú.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rántí bàbá mi,
Adégbìtẹ́ tó ń ka wágọ́nù ẹ̀pà ní rélùwéè.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní goma sha bakwai,
ẹ̀wá, wọ́n á gbé èje lé e.
Òun á ní ẹ̀tàdínlógún:
ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ rìn dé ogún,
á wá fi ẹ̀yìn rìn padà.
Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé
tí a kì í dé ibi tí à ń lọ láìkọ́kọ́ kọjá rẹ̀.
Ó ní, "Wágọ́nù ogún ni wọ́n ṣèlérí.
Mẹ́ta tí kò dé ni iṣẹ́ mi."

Iná dé. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ Láwálì,
mo tẹ ìṣirò náà bí ẹnu ilé wa ṣe ń pè é:
àkámọ́, àrúndínlógún, ìràwọ̀, igba
(ìràwọ̀ ni o, ẹ̀rọ ò mọ ẹkísì tíṣà wa),
yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pa àkámọ́ dé.
Igi tó tẹ̀ sọ́tùn-ún.
Àkámọ́, ogún yọ mẹ́ta, pa àkámọ́ dé.
Kò sí kọ́mà, kò sí pọ́ìntì tí ẹnikẹ́ni yóò torí rẹ̀ jà.

Láwálì ní, "Ṣé o ò mọ mẹ́tàdínlógún tẹ̀ ni?"
Mo ní kó dúró.
Àrúndínlọ́gọ́sàn-án.
Mo bọ́ bàtà níwájú Máàkì: àrúndínlọ́gọ́sàn-án.
Mo gbá arúgbó mi lẹ́ẹ̀mejì,
ó wúkọ́, ó sọ bákan náà,
ọgọ́sàn-án tí márùn-ún kò bá dé.

Ilẹ̀ mọ́, Hájíyà pè.
Orúnkún ń dùn ún, ìgbésẹ̀ náà ga jù,
kí a jọ̀wọ́ sọ ọ́ di ogún.
Ogún gééré, bàbá mi ì bá gbọ́!
Mo pín in. Àwòrán ìdáhùn yọ:
méjìdínláàádọ́jọ, àti ìdá mẹ́rin ọ̀nà mẹ́ta.
Láwálì wò mí, èmi náà wò ó,
ìka wa méjèèjì dúró lókè bọ́tìnnì,
tirẹ̀ lórí kọ́mà, tèmi lórí pọ́ìntì.